Wọ́n Ti Fún Yín Láàyè Nínú Bàálù

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó wà níbi tí ẹ wà, mo wá ní kí n kí yín bí mo ṣe máa ń kí yín tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ará ilé wà, ẹ má ṣèyọnu.

Ààyè yín ti yọ. Ìròyìn tí mo mú wá kò ju ìyẹn lọ. Bàálù tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí ni. Nígbà tí mo tan kọ̀ǹpútà láàárọ̀, òun ló kọ́kọ́ jáde: orúkọ yín, àmì tó ń sọ pé ààyè ti dájú, àti ìkìlọ̀ pé kí n gé tíkẹ́ẹ̀tì kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní tó lù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á gbà á padà. Àná la ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ yín. Kọ̀ǹpútà ò gbọ́.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo dìde, mo lọ mu omi, mo padà wá, ó ṣì wà níbẹ̀. Mi ò sunkún. Mi ò tíì sunkún láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ, àwọn èèyàn sì ti ń sọ ọ́ kiri ní Ajégúnlẹ̀. Ìyá Kúdí tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa gbà pé ọkàn mi le. Ó lè jẹ́ òótọ́. Gbogbo ara mi kú tipiri, bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé lórí pẹ́. Mo ń jẹun, mo ń sùn, mo ń dá oníbàárà lóhùn. Ọ̀gá ní kí n máa lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ kan sí i, mo kọ̀. Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe nílé? Kí n máa wo fìlà yín lórí ìṣó?

Ẹ̀yìn ìwé àkókò bàálù àtijọ́ ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé a kì í ju ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá mọ́ nù. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ fún yín kí aago mẹ́rin tó lù, torí tí mo bá ti pa orúkọ yín rẹ́ nínú ẹ̀rọ yìí, mo mọ ara mi, mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́. Mo parọ́ fún yín, Bàbá. Mo ń bọ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà tó wọ̀ mí lẹ́sẹ̀.

Ẹ rántí bí iṣẹ́ yìí ṣe rí nígbà tí ẹ kọ́kọ́ mú mi wá síbí? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé mẹ́wàá, mo sì rò pé ẹni tó bá ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bàálù gbọ́dọ̀ ti wọ bàálù rí. Fóònù dúdú kan ló wà, ẹ̀rọ tẹ́lẹ́ẹ̀sì kan tí a fi ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, tó ń pariwo bí ẹni ń lọ ata, ìwé àkókò bàálù tó nípọn ju búrẹ́dì lọ, àti ìwé ńlá yín. Tí oníbàárà bá dé, ẹ ó máa yí nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ bàálù títí ìka yín á fi wú. Tí fóònù bá kú pátápátá, ẹ ó wọ ọkọ̀ ojú omi láti Àpápá lọ sí Màríínà, ẹ ó lọ dúró níwájú tábìlì wọn, ẹ ó sì mú ìdáhùn bọ̀ nírọ̀lẹ́. Oníbàárà á ti sùn lọ lórí bẹ́ǹṣì. Iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko, nítorí ibi tí ẹnì kan ṣoṣo máa gbé ìdí rẹ̀ lé.

Ohùn yín lórí fóònù ni mo fẹ́ràn jù. Orúkọ ìlú wa lẹ fi máa ń pe lẹ́tà fún wọn kí wọ́n má baà ṣì í kọ. K bíi Kánò, S bíi Sápẹ̀lẹ́, B bíi Bàdágìrì. Lọ́jọ́ kan, atukọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ Pólàǹdì sọ̀kalẹ̀ ní èbúté Tin Can, ó fẹ́ lọ sílé, orúkọ rẹ̀ sì gùn débi pé ẹ yí gbogbo Nàìjíríà po kí ẹ tó pè é tán. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe gbogbo ìlú yìí, ẹ ò kọjá Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Ìkìrun tiyín rí. Mo máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ẹ̀. Ẹ ó ní bí gbogbo wa bá wọ bàálù, ta ló máa gé tíkẹ́ẹ̀tì?

Ìwé ńlá yẹn náà ńkọ́? Pẹ́ńsù lẹ fi máa ń kọ orúkọ èèyàn sí i nígbà tí ẹ bá ń tọrọ ààyè, tí wọ́n bá ti fún wa tí a sì ti gé tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ó wá fi báírò tẹ̀ lé e. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà ní pẹ́ńsù ṣì ń bẹ̀bẹ̀, ẹni tó bá ti wọ báírò ti ń lọ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe kọ́ mi. Ohun kejì tí ẹ kọ́ mi ni pé kí n máa fi orúkọ èèyàn pàtàkì ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ní fóònù láàárọ̀, ní tẹ́lẹ́ẹ̀sì lọ́sàn-án, kí ọ̀kan má baà sọnù sọ́nà. Ọ̀nà kan ò wọjà. Àwọn akọ̀wé bàálù á rí orúkọ náà níbi méjì nínú ìwé tiwọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní Bàbá Àpápá tún ti dé, wọ́n á sì fa igi lé ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó bínú rí.

Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà dé. Ọ̀gá gbọ́ pé àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bíi tiwa lápá èbúté ti ní tiwọn, kò lè sùn mọ́. Wọ́n gbé e wọlé bí ẹni gbé ìyàwó, gíláàsì dúdú, lẹ́tà àwọ̀ ewé, wáyà kan tó so ó mọ́ ilé-iṣẹ́ bàálù tààrà. Ohun tí ẹ máa ń fi ọjọ́ kan ṣe, ó ń ṣe é kí èèyàn tó sín. Wọ́n ní kí ẹ̀yin àti èmi lọ kọ́ ọ ní Màríínà. Ní ọjọ́ kejì ẹ ò padà lọ mọ́. Ojú yín ń ṣomi, ìka yín ń wá lẹ́tà kan bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú yanrìn, ọmọ tó ń kọ́ wa sì ń mí kanlẹ̀ lẹ́yìn yín. Mo rí i. Ṣé ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nígbà yẹn?

Nígbà tí mo kọ́ ọ tán, ọ̀gá gbé àga yín fún mi, ó ní kí ẹ̀yin máa bójú tó bẹ́ǹṣì, kí ẹ máa bá àwọn èèyàn kọ ìwé físà. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi aṣọ nu àga náà kí n tó jókòó. Mi ò lè gbé ojú sókè lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ò fi ìwé ńlá yín sílẹ̀. Ohunkóhun tí mo bá tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ẹ ó ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ ní ẹ̀rọ ò ní ọ̀rọ̀ ẹnì kankan lọ́kàn. Tí wáyà bá sì kú, tí ojú gíláàsì ṣófo, gbogbo wa á yíjú sí bẹ́ǹṣì, ẹ ó rọra ṣí ìwé, ẹ ó sì wò mí bí ẹni pé ẹ ò wò mí. Alárékérekè ni yín, jàre.

Ẹ mọ ìyókù. Bọ̀dá Múfú, ẹ̀gbọ́n mi, àkọ́bí yín, ti lo ọdún mọ́kànlá ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ti bímọ méjì tí ẹ ò tíì fojú rí. Àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín. Ó kọ̀wé pé kí ẹ wá, kí ẹ wá rí àwọn ọmọ, kí dókítà sì wò yín níbẹ̀. Ẹ ka lẹ́tà yẹn títí ó fi já sí méjì níbi tí wọ́n ṣẹ́ ẹ. Èmi ni mo tẹ orúkọ yín wọlé, ní oṣù kẹjọ, ìgbà tí àwọn ọmọ iléèwé ti kún bàálù. Ààyè kan ló kù. Wọ́n fún yín lójú ẹsẹ̀. Ẹ dìde láti orí bẹ́ǹṣì, ẹ wá bẹ̀rẹ̀ níwájú gíláàsì, ẹ fi ìka tọ orúkọ yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ sì bi mí bóyá kò ju bẹ́ẹ̀ náà lọ. Mo ní kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí mo ń lọ rèé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Físà yín ò tíì jáde, mi ò tíì lè gé tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ń wo orúkọ yín, mo ń rò pé tí wọ́n bá já a gbà ńkọ́? Ọ̀gá ti kìlọ̀ fún wa pé a ò gbọdọ̀ fi orúkọ ẹnì kan wọlé lẹ́ẹ̀mejì, pé àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù kò fẹ́ ẹ mọ́, pé ẹni tó bá dán an wò, ilé ló ń lọ. Mo mọ òfin náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ẹni tó bí mi, mo gbàgbé kọ̀ǹpútà, ẹ̀kọ́ yín ni mo rántí. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, nígbà tí ọ̀gá lọ kírun, tí ẹ̀yin sì ti fi fìlà bojú lórí bẹ́ǹṣì, mo gbé fóònù, mo pe ilé-iṣẹ́ bàálù, mo sì fi orúkọ yín sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Mo pè é lẹ́tà-lẹ́tà pẹ̀lú ìlú-ìlú bí ẹ ṣe máa ń pè é. Inú mi dùn. Mo rò pé mo ti dè yín mọ́ àga náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn tó ń walẹ̀ ní Malu Road fi díígà gé wáyà. Ọjọ́ méjì àti ààbọ̀ ni ojú gíláàsì fi ṣófo. Ẹ kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, èmi náà ò mọ̀. Kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ bàálù ti rí orúkọ kan níbi méjì. Kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé èwo ni òótọ́ nínú méjèèjì, kí n dáhùn láàárín ọjọ́ kan. Ìbéèrè náà dúró sínú wáyà tó ti já. Nígbà tí iná àwọ̀ ewé yẹn padà tàn, ìbéèrè náà ló kọ́kọ́ jáde, èyí tó tẹ̀ lé e ni pé wọ́n ti fagi lé méjèèjì, bàálù sì ti kún. Kò sí ààyè mọ́ títí oṣù kẹwàá. Mo kàn fi yín sórí ìlà àwọn tó ń dúró.

Mo wá sọ fún yín pé ẹ̀rọ gbé orúkọ yín mì. Irọ́ náà nìyẹn. Mo sọ ọ́ níwájú ọ̀gá, ojú mi ò sì wọlẹ̀. Ẹ mi orí, ẹ padà sórí bẹ́ǹṣì. Lọ́jọ́ kejì, ẹ tètè dé ju gbogbo wa lọ, ẹ yọ háńkáṣíìfù yín, ẹ nu eruku ojú gíláàsì náà kúrò, ẹ nu ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ nu wáyà. Ẹ wá sọ sókè, tí ọ̀gá náà gbọ́, pé kí Ìyáàfin Kọ̀ǹpútà má bínú, pé ẹ̀yin lẹ ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa láti ọjọ́ tó ti dé, pé ó ti gbẹ̀san, kó jẹ́ kó tán síbẹ̀. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì parí. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ ò mọ bí ẹ̀rín yẹn ṣe rí lẹ́nu mi. Bàbá mi ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ irin nítorí ohun tí èmi ṣe, mo sì jókòó, mo ń wò.

Láti ìgbà náà, ẹ ò bi mí léèrè ìrìnàjò mọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ Sátidé lẹ máa ń gbé èlùbọ́ tí ẹ fẹ́ gbé lọ fún Bọ̀dá Múfú jáde sínú oòrùn, kí kòkòrò má baà wọ̀ ọ́. Ẹ ó sá a, ẹ ó kó o padà, ẹ ó tún àpò rẹ̀ dì. Àwọn ará ilé ń fi yín ṣẹ̀fẹ̀ pé èlùbọ́ yìí máa dé òkè òkun ṣáájú yín. Sátidé yín tó kẹ́yìn, ẹ sá a tán, ẹ kírun Àsárì, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ ò sì dìde mọ́. Èmi ni mo kó èlùbọ́ náà wọlé. Mo tún un dì bí ẹ ṣe máa ń dì í. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó lọ pe àwọn èèyàn. Ẹ ò rí i pé mi ò dáa?

Tí mi ò bá fọwọ́ kan fóònù yẹn, ṣé ẹ̀ bá ti rí àwọn ọmọ náà? Ṣé dókítà ibẹ̀ ì bá rí ohun tó ń ṣe yín? Ṣé ẹ lọ pẹ̀lú ìbínú sí ẹ̀rọ yìí, nígbà tó jẹ́ èmi ló yẹ kí ẹ bínú sí? Mo ti ń bi ara mi láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ. Ó ti di aago mẹ́ta kọjá díẹ̀.

Ẹ dúró ná.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ gbé ìwé ńlá yín wá láti inú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo fẹ́ wo ojú ewé ọjọ́ bàálù tí ẹ ò bá lọ. Mo rí ìlà kan ní pẹ́ńsù: orúkọ yín, kọ̀ǹpútà, aago mọ́kànlá. Ìlà tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣófo, ṣùgbọ́n ìwé ibẹ̀ ti fẹ́lẹ́, ó funfun ju ìyókù lọ. Wọ́n ti fi rọ́bà pa nǹkan kan rẹ́ níbẹ̀. Mo gbé e lọ sí ojú fèrèsé, mo dà á sí ẹ̀gbẹ́. Ọwọ́ yín wúwo, Bàbá, ẹ máa ń tẹ pẹ́ńsù bí ẹni ń gbẹ́ igi. Ojú ibi tó tẹ̀ wọlé ṣì wà níbẹ̀, mo kà á ketekete: orúkọ yín, fóònù, aago mẹ́ta.

Ẹ ò sùn lábẹ́ fìlà yẹn. Ẹ gbọ́ mi. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe ń pe orúkọ yín pẹ̀lú àwọn ìlú yín, ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń kọ gbogbo nǹkan. Nígbà tí mo parọ́, ẹ mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ fi rọ́bà pa á rẹ́ kí ọ̀gá má baà rí i, ẹ wá bọ́ síwájú gíláàsì pẹ̀lú háńkáṣíìfù, ẹ gba ẹ̀bi náà sórí ara yín kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ mi. Háà, Bàbá. Kí ló dé tí ẹ ò na ìka sí mi lẹ́ẹ̀kan péré? Oṣù kan gbáko ni a fi jọ jẹun nínú yàrá kan náà, ẹ mọ̀, ẹ ò sì jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ mọ̀. Ẹ tilẹ̀ ń bu ẹran kún tèmi.

Omi kan ti bọ́ sórí ìwé yìí báyìí. Ẹ má wò ó. Ó ti ń ta mí lára bí ìgbà tí ẹsẹ̀ tó kú bá fẹ́ jí.

Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú. Mo lè jókòó bẹ́ẹ̀, kí ẹ̀rọ gba ààyè náà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Ẹ máa ń ní kí ẹni tí kò lọ tètè sọ, kí ẹni tó ń lọ lè ráyè di ẹrù. Ẹnì kan wà lórí ìlà lẹ́yìn yín, mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò mọ ìlú rẹ̀, mi ò mọ ẹni tó fẹ́ lọ rí. Mo ti fagi lé ààyè yín. Ẹ̀rọ bi mí bóyá ó dá mi lójú, mo ní ó dá mi lójú. Orúkọ yín dúró díẹ̀ lójú gíláàsì, ó wá lọ. Bọ̀dá Múfú ní òun máa rán ẹnì kan wá gbé èlùbọ́ náà lóṣù tó ń bọ̀. Títí dìgbà yẹn, èmi ni n ó máa sá a.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣí ìwé ńlá yín sí ojú ewé ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Mi ò mú pẹ́ńsù. Mo mú báírò, mo sì ń pè é sókè bí mo ṣe ń kọ ọ́, tí ọ̀gá fi gbójú sókè wò mí: G bíi Gúsáù, A bíi Abẹ́òkúta, N bíi Nàsáráwá, I bíi Ìbàdàn, U bíi Ùrómì.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo kọ ọ́.

Ó dàárọ̀ o, Bàbá.

Èmi ni,
ọmọ yín tó jókòó sórí àga yín.